Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé fíìmù ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ àkójọ ìtàn ogun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Mo fẹ́ kó ìwé àti fíìmù ìtàn ogun jọ sílé fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹnì kan tó ń ta fíìmù ta The Woman King fún mi lórí fíláàṣì. Ó ní ìtàn Dàhòmì gan-an ló wà nínú rẹ̀, pé mi ò nílò ìwé mọ́. Èwo ni kí n rà tẹ̀ lé e, báwo ni mo sì ṣe máa tọ́jú wọn?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Irọ́ ni ẹni yẹn pa fún yín. Ó ń bí mi nínú, torí gbogbo ìgbà la ń gbọ́ ọ nílé ìkàwé wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí.

Ọdún 2022 ni fíìmù náà jáde. Ọdún 1823 ló gbé ìtàn rẹ̀ sí, nígbà tí Ghézo wà lórí oyè ní Abomey, olú ìlú Dàhòmì, ìjọba àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Benin òde òní. Òótọ́ ni pé Dàhòmì ní ọmọ ogun obìnrin, òótọ́ sì ni pé ayé Ghézo ni Dàhòmì bọ́ kúrò lábẹ́ ìsákọ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Àmọ́ nínú fíìmù, ọ̀gágun obìnrin kan ń rọ ọba pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kó máa ta epo pupa, ọba sì gbọ́ ọ. Ghézo tí ìtàn mọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ta ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1823. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí etíkun mọ́ ọn ló tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1852, òwò náà sì tún padà bẹ̀rẹ̀. Ní 1851, ọmọ ogun rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, kọ lu Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Kétu yín náà ńkọ́? Glèlè, ọmọ Ghézo, ló dó tì í. Yàrà àti odi kò jẹ́ kí wọ́n rọ́ wọlé, ni wọ́n bá fi ebi há ìlú mọ́lé títí ó fi ṣubú ní 1886. Wọ́n ba ìlú jẹ́, wọ́n kó èèyàn lọ sí Abomey. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba tó jẹ lẹ́yìn Glèlè, ni àwọn tó kù padà wá tún un kọ́. Ọmọ tó bá wo fíìmù yẹn nìkan kò ní mọ ìdí tí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, fi wà níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju fíìmù náà nù. Ẹ gbé ìwé ìtàn gidi kan, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé: ẹ ó rí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà tí òǹkọ̀wé kà, ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Fíìmù kò ní irú ibẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. The Story of Ketu tí Parrinder kọ (1956) ni kó ṣáájú. Ìwé Ajayi àti Smith lórí ogun Yorùbá (1964) ni kó tẹ̀ lé e. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Johnson kọ (1921) dára púpọ̀, àmọ́ ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo nǹkan, ẹ má fi òun nìkan sílé. Ti ogun Faransé àti Dàhòmì ní 1892, ìwé àwọn ọ̀gágun Faransé wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Gallica, ìkànnì ilé ìkàwé ìjọba Faransé; ẹni tó ṣẹ́gun ló kọ ọ́, ẹ fi sọ́kàn.

Tó bá jẹ́ fíìmù, Camp de Thiaroye (1988) ni mo fẹ́ràn jù. Ó sọ bí ológun Faransé ṣe yìnbọn lu àwọn ọmọ ogun Áfríkà tirẹ̀ ní December 1, 1944, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn Jámánì bọ̀. Ọmọ Dàhòmì wà láàárín wọn.

Ìtọ́jú: ẹ má sá ìwé sóòrùn, ẹ má fín oògùn kòkòrò sí i lára, pàápàá níbi tí ọmọdé wà. Ẹ jẹ́ kí pẹpẹ jìnnà sí ògiri nítorí ikán. Fíláàṣì lè kú lójijì, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì ohun tó jẹ́ tiyín. Ní ti fíìmù tí wọ́n ń dà kọ tà, èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ẹ má rà á mọ́.

Kẹ́ ẹ tó náwó sórí òmíràn, ẹ gba ohùn àwọn àgbà Kétu sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ 1886, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ mọ́ ọn.