Ohun tó lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba

Àbúrò mi, o ní ọdún mẹ́fà lo ti fi ṣe agbẹjọ́rò fún ìjọba, o fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí o lè bọ́ sínú ìjà òṣèlú, o sì ń bèèrè bóyá o ò ní kábàámọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ẹjọ́ ilẹ̀ kan ló lé mi jáde. Wọ́n wó ilé ìyá àgbà kan lápá Ouando nítorí ọ̀nà, owó gbà-má-bínú ò sì tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Abala 22 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1990 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba dúkìá ẹni àfi fún àǹfààní ìlú, owó tó tọ́ sì gbọ́dọ̀ ti ṣáájú. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọjọ́ ti lọ lórí ìwé ẹ̀sùn ìyá náà, ibẹ̀ ni mo dì mú tí mo fi borí. Èdè Faransé ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bí adájọ́ ṣe dìde, ìyá náà tọ̀ mí wá, ìwé rẹ̀ wà nínú ọ̀rá dúdú, ó fà mí láṣọ: "Ọmọ mi, kí ni wọ́n wí?" Èmi tí mo ro ẹjọ́ takò ó ni mo tún dúró sọ fún un ní Yorùbá pé ẹjọ́ ò gbè é. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ." Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá rẹ lò ń bínú sí, jókòó síbẹ̀. Ìbínú yẹn á rọlẹ̀, owó oṣù ò sì ní padà wá. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ̀wé, kí o sì dúró títí wọ́n á fi fọwọ́ sí i, kí wọ́n má baà ní o sá níbi iṣẹ́. Má mú fáìlì kankan jáde.

Owó ẹ̀kọ tí ìyàwó mi ń tà la fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ lọ́dún kìíní. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2019, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ààrẹ nìkan ló dìje nínú ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí wọ́n sì pín gbogbo ìjókòó 83 mọ́ra wọn lọ́wọ́, mo bọ́ síta mo ní kò dáa. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń jẹun ò gbé fóònù mi mọ́. Ìyẹn dùn mí ju àìlówó lọ.

Àwọn olóṣèlú á wá ọ wá, wọ́n á fẹ́ kí o gun pèpéle bá wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ ni. Iṣẹ́ tó gbé mi ró ò sí lórí pèpéle. Ìwé òfin ọdún 1990 yẹn kan náà jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ èyíkéyìí lè fẹjọ́ sun ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ní Kútọnu, láìní agbẹjọ́rò. Orúkọ, àdírẹ́sì, ìbuwọ́lùwé tó, ẹni tí ò bá mọ̀wé á tẹ̀ka. Gbogbo àárọ̀ Àbámẹ́ta ni mo ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, tí mò ń bá àwọn ará ìlú kọ ìwé ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń kà á padà fún wọn ní Yorùbá tàbí Ègùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá apẹja kan wá, wọ́n ti ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ márùn-ún láìfojú kan adájọ́, wákàtí 48 sì ni òfin wí. Mo ka ìwé náà fún un tán. Ó ní kì í ṣe bí òun ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo fa ìlà méjì ya, mo tún un kọ, mo tún un kà. Ó wá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.