Megger kà ju 200 lọ, ẹ má tíì kun ọ̀dà

Ọ̀gá mi, ẹ ní kápẹ́ńtà kan ìṣó mọ́ ibi tí wáyà gbà nínú ògiri, megger (ẹ̀rọ tó ń fi megohm wọ̀n bí rọ́bà wáyà ṣe ń dá iná dúró tó) sì kà ju 200 megohm lọ, ṣé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kun ọ̀dà. Rárá o.

Ohun tí megger ń wò ni bóyá iná ń rí ọ̀nà yọ́ jáde lásìkò tí ẹ ń wọ̀n ọ́n. 500 volt ló ń tì sí i, kó má sì wálẹ̀ ju 1 megohm lọ ni òfin wí. Tí rọ́bà wáyà bá bó, àmọ́ tó jẹ́ atẹ́gùn gbígbẹ ló yí i ká, ibo ni iná fẹ́ gbà? Àlàfo milimita kan péré ń fẹ́ nǹkan bí 3,000 volt kí iná tó fò ó.

Mo rí irú rẹ̀ nínú ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nínú ọyẹ́. Èkúté ti jẹ wáyà lórí sílìn, bàbà ń dán gbinrin, ojú eyín rẹ̀ ṣì wà lára rọ́bà. Megger kà á dé òkè. Igi gbígbẹ ni wáyà náà sùn lé, kò sí earth (ọ̀nà tí iná ń gbà wọlẹ̀) nítòsí. Nígbà tí òjò dé tí páànù ń jò, wáyà yẹn náà kà 0.3 megohm. (Onílé ní àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló bà á jẹ́!)

Wáyà tó já sínú páìpù ńkọ́? Megger á ní ó dára. Ojú ìsopọ̀ tí kò fún dáadáa, tó ń gbóná títí tó fi ń jóná, kò ní rí ìyẹn náà. Continuity (ìdánwò bóyá iná ń gba inú wáyà kọjá dáadáa láti òpin dé òpin) lẹ máa fi wò ó.

Ní ti ìṣó yín, ẹ má tíì fà á yọ. Ẹ pa iná láti méènì, ẹ tú wáyà lórí méjèèjì, kí ẹ yọ gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n kúrò. Ẹ fi okùn megger kan mọ́ orí ìṣó gan-an, ẹ ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi ìkejì kan wáyà live (èyí tó ń gbé iná wá), lẹ́yìn náà neutral (èyí tó ń dá a padà), lẹ́yìn náà earth. Tó bá kà òdo níbì kankan, ìṣó ti wọ inú rẹ̀. Tó bá kà òkè, ó ṣì lè jẹ́ pé ó kàn bó o lára ni. Nítorí náà, ẹ wá fa ìṣó yọ, ẹ fa wáyà náà jáde nínú páìpù, ẹ fi ìka tọ́ ọ láti òpin dé òpin. Tí ojú ìṣó bá wà lára rẹ̀, tuntun lẹ máa fà wọlé. Ẹ má fi tépù wé e.