Ooru àti atẹ́gùn lórí máṣíìnì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ dá gun máṣíìnì la pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan já, oòrùn ibẹ̀ mú, atẹ́gùn rẹ̀ sì le. Ṣé kí n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì kára lè tù mí?

Ìdáhùn: Ẹ má bọ́ ọ rárá o! Tí ooru bá ti kọjá 37°C, atẹ́gùn yẹn ti gbóná ju ara yín lọ, kò tù yín lára kankan, ṣe ló ń fa omi ara yín gbẹ, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ ń làágùn. Ẹ rẹ ṣẹ́ẹ̀tì inú sómi kẹ́ ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e, ẹ sì máa mumi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ wá ibòji dúró sí, ẹ rántí pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀.

Ti atẹ́gùn, ẹ má di ọwọ́ máṣíìnì mú pinpin (gbogbo wa la máa ń fẹ́ ṣe é), orúnkún ni kẹ́ ẹ fi há táǹkì, kápá rọ̀. Tíréélà tó ń bọ̀ níwájú máa dí atẹ́gùn díẹ̀, tó bá kọjá tán ló máa wá gbá yín. Tí atẹ́gùn bá kọjú sí yín epo máa ń tètè tán, torí náà ẹ má kọjá ilé epo láìrà. Táyà? Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ atẹ́gùn inú ẹ̀ wò, kó tó gbóná.