Kò sí oògùn tí í mú ata rodo ta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin hóró ata rodo, ó pé ọjọ́ 10 lónìí, kò hù. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú oògùn olómi kan kí ata náà lè ta dáadáa. Ṣé oògùn náà ni kò tó?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, ọjọ́ 10 kò tíì tó nǹkan. Ata rodo lè lo tó ọ̀sẹ̀ 3 kó tó yọjú, pàápàá bí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ má hú u wò.

Oògùn yẹn ló bí mi nínú, torí ìbéèrè rẹ̀ ti sú mi. Kò sóhun tí ẹ ó rẹ hóró sí tí yóò mú kí ata ta. Capsaicin ló ń jẹ́ kí ata ta, inú hóró kọ́ ló sì ti ń wá. Ẹ la rodo kan tó pọ́n sí méjì: nǹkan funfun tí hóró so mọ́ yẹn gan-an ni orísun rẹ̀. Èyí tó yí mọ́ hóró lára lẹ̀ ń tọ́ wò tẹ́ ẹ fi ń rò pé hóró ló ń ta. Ata tẹ́ ẹ máa ká kò tíì sí láyé rárá, oògùn wo ló fẹ́ dúró dè é? Ìran ata ló ń pinnu bó ṣe máa ta. Oòrùn àti omi kàn lè fi díẹ̀ kún un tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀ ni. Ẹ rẹ hóró tàtàṣé mọ́jú, tàtàṣé náà ni yóò so.

Ibi tí hóró ti wá ni kẹ́ ẹ wádìí. Ṣé ata náà pọ́n dáadáa? Ṣé abẹ́ ibòòji ni wọ́n sá a sí? Hóró inú ata tí kò tíì gbó sábà máa ń kọ̀ láti hù.

Bẹ́ ẹ bá máa tún un gbìn, ẹ bò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tí kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, níbi tó móoru. Kí ilẹ̀ rẹ̀ rin, kó má ṣe kún fún omi. Omi àpọ̀jù ló ń jẹ́ kí ìdí ọmọ ata rà, kó sì wó lulẹ̀. Tó bá ti yọ ewé gidi 4 sí 6 (ẹ má ka ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ mọ́ ọn), ẹ ṣí i lọ sí àyè rẹ̀.

Ìgò tí kò ní orúkọ oògùn tàbí ìlànà ìlò lára, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má jẹ hóró tẹ́ ẹ ti rẹ sínú rẹ̀, ẹ má sì dà á síbi tí adìẹ lè dé: adìẹ kì í mọ̀ ọ́n lára pé ata ń ta, jíjẹ ni yóò jẹ ẹ́.