Ọkọ̀ Tuntun, Ọ̀dà Àtúnkùn: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra ọkọ̀ tuntun ní $38,000. Láìpẹ́ yìí ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń fọ ọkọ̀ tó sì máa ń dán an. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn ọ̀dà ara rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé wọ́n ti tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan àti búùtù rẹ̀ kùn. Mo pe ilé ìtajà tí mo ti rà á. Wọn kò jiyàn. Wọ́n ní ọkọ̀ náà fara bó nígbà tí wọ́n ń kó o bọ̀, pé $900 ni àwọn ná láti tún un ṣe, àti pé òfin kò sọ pé kí àwọn fi tó mi létí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí? Ṣé ọkọ̀ tuntun ni mo rà, àbí àlòkù? Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ọkọ̀ ń rìn dáadáa. – Nọ́ọ̀sì tí inú ń bí, Los Angeles.

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ kú ìnáwó. Ohun tí ilé ìtajà yẹn sọ fún yín sún mọ́ òótọ́ ju bí ẹ ṣe lè fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó pé. Òfin ọkọ̀ ìpínlẹ̀ California pàṣẹ pé kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ tuntun kọ ọ́ sílẹ̀ fún olùrà bí ọkọ̀ náà bá ti bàjẹ́ tí wọ́n sì ti tún un ṣe, nígbà tí owó àtúnṣe bá ju ìdá 3 nínú 100 iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ dá lé e lọ, tàbí tó bá ju $500 lọ, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ $38,000 náà ni ilé-iṣẹ́ dá lé ọkọ̀ yín, ìdá 3 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ $1,140, èyí tí $900 kò dé. Abala òfin yìí nìkan kò lè mú wọn. Tuntun sì ni ọkọ̀ náà lójú òfin, nítorí pé kò sí ẹni tó ti fi orúkọ gba nọ́ńbà fún un ṣáájú yín.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín padà ni pé, kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé, ǹjẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti tún ọkọ̀ náà kùn rí? Ẹni tó dákẹ́ nítorí pé òfin gbà á láàyè láti dákẹ́, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí a bi ní ìbéèrè tààrà, tó mọ òótọ́, tó sì fèsì pé "Rárá o, bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde náà nìyí," ọ̀tọ̀ gbáà ni òun. Bí ẹ bá bi wọ́n, tí wọ́n sì fún yín ní irú èsì bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ó bá wà nínú ìwé tàbí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ kò tíì pa rẹ́, ẹ gbé e lọ bá agbẹjọ́rò, nítorí pé ẹ̀tàn nìyẹn, ìdá 3 nínú 100 kò sì lè dáàbò bo ẹlẹ́tàn.

Ẹjọ́ kan wà tó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà àtúnkùn di ohun tí gbogbo agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà mọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n nítorí àwọn tó máa fi mílíọ̀nù dọ́là tàn yín. Ní oṣù Kíní ọdún 1990, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Gore ra ọkọ̀ BMW dúdú kan ní ìlú Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama. $40,750.88 ló san. Ó wà á fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án láìrí àbùkù kankan lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fura ló fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń dán ọkọ̀. Ńṣe ló fẹ́ kó túbọ̀ máa kọ mọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló ti gbọ́ pé wọ́n ti tún ọkọ̀ òun kùn.

Òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù àti àwọn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ni wọ́n ti tún kùn, ní ibùdó tí BMW ti ń palẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ní ìlú Brunswick, ìpínlẹ̀ Georgia. Òjò tó ní ásíìdì nínú ni wọ́n gbà pé ó ba ọ̀dà náà jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń ti Jámánì bọ̀. Láti ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ní ìlànà kan lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí owó àtúnṣe bá ju ìdá 3 nínú 100 iye ọkọ̀ lọ, wọn a fi ọkọ̀ náà ṣe iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fúngbà díẹ̀, wọn a wá tà á gẹ́gẹ́ bí àlòkù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọn a tà á gẹ́gẹ́ bí tuntun, wọn kò sì ní sọ fún dílà tí wọ́n gbé e fún pàápàá. Ti Gore jẹ́ $601.37, nǹkan bí ìdá kan àbọ̀ nínú 100.

Ẹnì kan tó ti ṣe dílà BMW rí jẹ́rìí ní kóòtù pé ọkọ̀ tí wọ́n tún kùn a máa pàdánù ìdá 10 nínú 100 iye rẹ̀, ibẹ̀ sì ni $4,000 tí Gore ń béèrè ti wá. Agbẹjọ́rò rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ó fi hàn pé láti ọdún 1983, ọkọ̀ 983 ni BMW ti tún kùn pẹ̀lú owó tó ju $300 lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì tà gẹ́gẹ́ bí tuntun jákèjádò Amẹ́ríkà, 14 nínú wọn ní Alabama. Ó ní kí júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti dá ẹjọ́ náà, fi $4,000 ṣírò nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọkọ̀. Wọ́n gbà: $4,000 fún àdánù Gore, mílíọ̀nù 4 dọ́là láti fi jẹ ilé-iṣẹ́ náà níyà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ìtàn náà mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1993, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Alabama gé mílíọ̀nù 4 náà sí 2, nítorí pé júrì ti ka ọkọ̀ tí wọ́n tà ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1996, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dájọ́, àwọn adájọ́ 5 sí 4, pé mílíọ̀nù 2 náà tún kọjá ohun tí òfin orílẹ̀-èdè lè gbà, torí pé ó jẹ́ ìlọ́po 500 àdánù tí Gore ní, nígbà tó jẹ́ pé $2,000 ni owó ìtanràn tó ga jù lọ lábẹ́ òfin òwò Alabama fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Adájọ́ John Paul Stevens, tó kọ ìdájọ́ náà, sọ pé àdánù owó lásán ni ọ̀rọ̀ náà, kò wu ẹ̀mí ẹnikẹ́ni léwu, àti pé kò sí ẹ̀rí pé BMW mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rí i pé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò wúwo tó irọ́. Ní ọdún 1997, Alabama ní kí Gore gba $50,000, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn mìíràn ní Alabama kan náà pe BMW lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. $4,600 ni júrì fún un, wọn kò fi kọ́bọ̀ kún un fún ìjìyà.

Ní tèmi o, ààlà ìdá 3 nínú 100 yìí rọ àwọn tó ń ta ọkọ̀ lọ́rùn jù. Bí ọkọ̀ bá ṣe wọ́n tó ni ohun tí wọ́n lè fi pa mọ́ ṣe ń pọ̀ tó: lórí ọkọ̀ $80,000, a lè ná $2,400 sí ara rẹ̀ kí olùrà má gbọ́ nǹkan kan. Owó tí ilé-iṣẹ́ ná kọ́ sì ni olùrà ń pàdánù. Gore, $601 ni wọ́n ná sí tirẹ̀, $4,000 ni ó sọ pé òun pàdánù. Èyí ni ọkọ yín kò rò mọ́ ọn. Òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì kò mọ̀ pé wọ́n tún ilẹ̀kùn kùn, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lọ́dún márùn-ún sí i yóò mú ẹ̀rọ tirẹ̀ náà dání, yóò rò pé ìjàm̀bá ni, kò sì ní gbọ́ àlàyé yín. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí ilé ìtajà náà, kí ẹ béèrè ìwé owó àtúnṣe náà àti àwòrán ìbàjẹ́ náà kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iye ọkọ̀ kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ nípa iye tó ti dín, kí ẹ sì fi lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ni yóò yàn láti fi nǹkan tù yín nínú dípò kí ọ̀rọ̀ náà máa tàn kálẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun, tiá rọ́bà, lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Èkó. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀, kí n tó sanwó, bóyá wọ́n ti tún un kùn? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. – Olùrà oníṣọ̀ọ́ra, Ṣúrùlérè.

ÌDÁHÙN: Mágínẹ́ẹ̀tì yóò tú àṣírí fílà tó nípọn, èyí tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà fi ń dí ibi tó tẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tú àṣírí ọ̀dà. Kì í sì í lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì alumíníọ́ọ̀mù tàbí bọ́ńpà oníke, ẹ má wá fi ìyẹn pe oníṣòwò lólè. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó ló yẹ kí ẹ wá. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 180 màíkírọ́ọ̀nù (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan), ìpele mẹ́rin sì ni lọ́pọ̀ ilé-iṣẹ́: èyí tó ń dènà ìpẹtà, èyí tó ń tẹ́ ilẹ̀, àwọ̀ gan-an, àti èyí tó ń dán lókè. Bí òrùlé bá fi 120 hàn tí ilẹ̀kùn ọ̀tún fi 130 hàn, tí ti òsì wá ń fi 270 hàn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti òsì. Bí ó bá fò kọjá 500, fílà ti wà lábẹ́ rẹ̀. Àfiwé ẹ̀yà ọkọ̀ kan sí èkejì ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo, nítorí pé ilé-iṣẹ́ pàápàá a máa tún ibì kan fín nígbà mìíràn kí ọkọ̀ tó jáde.

Bí ẹ kò bá rí ẹ̀rọ, ojú yín náà lè ṣe púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ní ilé-iṣẹ́, irin ọkọ̀ nìkan ló ń wọ iná tí wọ́n fi ń yan ọ̀dà, nítorí náà wọ́n lè gbé e dé nǹkan bí 140 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ tí wọ́n ti tò tán ní ike, rọ́bà àti wáyà lára, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù kì í sábà kọjá 60, ọ̀dà tirẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì: ibi tí dídán rẹ̀ bá wú wúruwùru bí èèpo ọsàn, tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ́jú, wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wo etí rọ́bà bóyá ọ̀dà ta sí i, kí ẹ wo bóòtù tó di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú bóyá ọ̀dà orí rẹ̀ ti fọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò bóyá wọ́n ti tún un kùn rí, kí òun náà sì fi ìwé fèsì. Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018 kò gba kí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà fi irọ́ ta ọjà, ìwé yẹn ni ẹ óò sì gbé lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, èmi ń ta ọkọ̀. Ọkọ̀ ń fara bó nínú ọkọ̀ ojú omi, a kò lè ṣe é kó má ṣẹlẹ̀. Bí a bá ń sọ gbogbo ìfarabó, ta ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ wa? – Oníṣòwò ọkọ̀, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Alàgbà, àwọn tó mọ iye tó ti dín ni yóò rà á. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ júrì lórí ọkọ̀ Gore, BMW yí ìlànà rẹ̀ padà ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó ní kí wọ́n máa sọ gbogbo àtúnṣe, bó ti wù kó kéré mọ, ó sì ń ta ọkọ̀ títí di òní. Ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan: apá ibi tí wọ́n tún ṣe, ohun tó bà á jẹ́, ẹni tó tún un ṣe, iye tó ná yín àti iye tí ẹ yọ kúrò lórí owó ọkọ̀ nítorí rẹ̀. Kí olùrà tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́.