Ẹ má fi kọ́sítíìkì sódà bó ọ̀dà ríìmù alọ́ì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọ̀dà orí ríìmù alọ́ì Corolla mi ti ń ṣí. Mo fẹ́ bó gbogbo rẹ̀ fúnra mi nílé, kí n sì pọ́n ọn kó máa dán bíi díńgí. Pẹ́ńtà àdúgbò wa ní kí n rẹ ẹ́ sínú kọ́sítíìkì sódà mọ́jú. Ife mélòó ni kí n bù sí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan?

Ìdáhùn: Kò sí ife kankan. Ẹ dá sódà náà padà fún ẹni tó tà á fún yín. Gbogbo ẹni tó ń béèrè nǹkan yìí, iye ife ni wọ́n ń bi mí, wọn kì í bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn lò ó rárá.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Pẹ́ńtà yín ti fi sódà bó géètì rí. Ọ̀dà bó, géètì ò ṣe nǹkan kan, ó wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá ń dún gbangan ṣe rí. Lóòótọ́, sódà kì í fi bẹ́ẹ̀ bá irin jà. Ṣùgbọ́n ríìmù alọ́ì kì í ṣe irin. Alumíníọ̀mù ni, tí wọ́n pò mọ́ sílíkọ́ọ̀nù (nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ó tó ìdá 7 nínú 100) àti màgnẹ́síọ̀mù díẹ̀. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án wò, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Alumíníọ̀mù ní èépá kan lára tí ojú ò lè rí, afẹ́fẹ́ ló ń mú un jáde, òun ni kì í jẹ́ kí omi jẹ ẹ́. Sódà á kọ́kọ́ jẹ èépá yẹn, á wá kọjú sí alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀. Omi á máa hó, ìfófòó á máa ru, bọ́kẹ́ẹ̀tì á gbóná. Inú yín á dùn, ẹ ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́!" Ọ̀dà kọ́ ló ń hó o. Ríìmù yín ló ń yọ́ lọ sínú omi, gáàsì háídrójìn ló sì ń tú jáde, èyí tó ń gbaná kíákíá. Ẹni tó bá ṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wá ìjàǹbá. Ẹni tó bá sì rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó dé e pa, kẹ́ẹ̀gì náà lè bẹ́.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ yọ ọ́, ẹ máa bá a tó ti dúdú. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Sílíkọ́ọ̀nù àti àwọn èròjà tí sódà ò lè jẹ ló ṣẹ́kù sójú rẹ̀. Ẹ ó họ ọ́, ẹ ó wá rí ihò wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí pólíṣì tó ń dí ihò. Àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ mọ èyí ju pẹ́ńtà lọ: ẹni tó mọ iṣẹ́ nínú wọn kì í po sódà nínú ìkòkò alumíníọ̀mù.

Ẹ má fi iná sun ún náà. Ooru ni wọ́n fi fún ríìmù lágbára nílé iṣẹ́, ooru tó bá pọ̀ jù á sì gba agbára náà padà, kò sì ní pupa bí irin kí ẹ tó mọ̀. Omi bátìrì? Ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ ní kí fọgánáísà yọ táyà kúrò. Ẹ wá ra pẹ́ńtì rimúfà, oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà, tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé ó ṣeé lò fún alumíníọ̀mù. Èyí tí wọ́n rọ sínú ike láìsí orúkọ, kí ẹni tó ń tà á máa lò ó. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Àwọn rimúfà kan ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ dichloromethane nínú, ara sì ń sọ ọ́ di kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáídì, gáàsì kan náà tó ń pa èèyàn nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Ní 2019, Amẹ́ríkà fòfin dè é pé kí wọ́n má tà á mọ́ fún ará ilé tó fẹ́ bó ọ̀dà. Bí oògùn náà bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ kun rimúfà náà sí ríìmù kó nípọn, ẹ fi nílọ́ọ̀nù bò ó kó má gbẹ. Igi tàbí ike ni kí ẹ fi họ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírin máa ń fi eérún irin sílẹ̀ lára rẹ̀, tí á sì dípẹtà. Lẹ́yìn náà, sáńpépà olómi, láti orí nọ́ńbà tó le dé èyí tó kúnná: 400, 600, 800, 1000, 1500, 2000. Ẹ má fo ọ̀kankan, torí ilà tí 400 bá fà, 2000 ò lè pa á rẹ́. Ìgbà yẹn ni pólíṣì alumíníọ̀mù àti aṣọ múlọ́múlọ́ tó kàn. Bí ẹ ò bá fi kílíà (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀) tàbí wáàsì bò ó, dídán náà á ṣú láìpẹ́.

Mi ò rí ríìmù yín o. Bó bá ti sán, tàbí wọ́n ti wẹ́dì rẹ̀ rí, ẹ jù ú nù. Ẹ má fi dídán bo àṣírí rẹ̀, mi ò sì ní dáhùn fún un. Ẹ má kun kílíà sí ojú ihò nọ́ọ̀tì àti ibi tí ríìmù ti ń kan họ́ọ̀bù (irin ara ọkọ̀ tí wọ́n ń de ríìmù mọ́), torí nọ́ọ̀tì lè dẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ náà tó 50 sí 100 kìlómítà, ẹ padà sọ́dọ̀ fọgánáísà, kó tún nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn dì.