Máṣíìnì àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́

Àbúrò, má tíì fún mẹkáníìkì yẹn lówó kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì. O ní Honda CG125 tí bàbá yín fi sílẹ̀ ń rìn dáadáa títí o fi gbé e lọ fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táàkíì ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ẹ̀rọ tu omi sí i níkùn. Láti ọjọ́ náà, tí o bá ta á, ó ń gbà, ó sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú kan. Àmọ́ bí o bá ti fún un níná, ìyẹn tí o bá lọ́ háńdù kó lè sáré, ó di húkọ́-húkọ́, kò sì lè gbé ènìyàn méjì gun òkè mọ́. Wọ́n wá ní kábúrétọ̀ ló kú. Kábúrétọ̀ tó gbé ọ débi ìfọmáṣíìnì láàárọ̀, báwo ló ṣe kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà nítorí omi?

Irú máṣíìnì yẹn ni mo fi ṣe ọ̀kadà láàárín Sábó àti Aràdà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ni mo ṣì ń gùn lọ sóko kaṣú mi ní apá Ìkòyí-Ilé. Ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà oko kì í jẹ́ kéèyàn má fọ máṣíìnì, nítorí náà àìsàn ẹ̀yìn ìwẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Honda mú CG125 jáde lọ́dún 1976, wọ́n sì dìídì ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí wọn kì í ti í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, bíi tiwa. Ẹ́ńjìnnì náà mọ ìyà jẹ. Rọ́bà àti wáyà ara rẹ̀ ló ń darúgbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, rọ́bà tó ti sán kì í pariwo. Ọjọ́ tí omi bá kàn án ni ẹjọ́ dé.

Ohun tí n óò kọ́kọ́ bi ọ́ nìyí: tí o bá gbé e sóòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣé ó máa ń sàn díẹ̀? Bó bá sàn, iná púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń ran epo nínú ẹ́ńjìnnì, ló ń sá gba ibòmíràn lọ. Bí oòrùn ọjọ́ méjì kò bá mú ìyàtọ̀ kankan wá, á jẹ́ pé omi ti wọ inú epo tàbí inú fílítà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́.

Ti iná púlọ́ọ̀gì ni mo fura sí jù. Iná tí kọ́ìlì ń rán sí púlọ́ọ̀gì lé ní fóltì 10,000. Omi tó mọ́ gaara kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná, àmọ́ ìfófò ọṣẹ àti ẹrẹ̀ tó ti yòrò sínú omi ń gbé e dáadáa. Bí kápù púlọ́ọ̀gì, ìyẹn rọ́bà tó dé e lórí, bá ti sán, omi ọlọ́ṣẹ yẹn á wọ ojú ibi tó sán, iná á sì rí ọ̀nà àbùjá bọ́ sára irin ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó bá ń dún lójú kan, afẹ́fẹ́ àti epo tó ń wọ sìlíńdà kò pọ̀, iná lè fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì láìsí wàhálà. Tí o bá fún un níná, afẹ́fẹ́ àti epo á rọ́ wọlé, wọ́n á fún pọ̀ síbẹ̀, á wá ṣòro fún iná láti fo àlàfo kan náà. Ọ̀nà àbùjá ni yóò gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orí òkè ló ti ń húkọ́, tí kì í húkọ́ níwájú ilé.

O lè fojú ara rẹ rí i. Lálẹ́, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ti máṣíìnì náà sẹ́yìnkùlé níbi tó ṣókùnkùn, ta á, kí o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o wo kápù púlọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ títí dé ibi tó ti jáde lábẹ́ tánkì. Máa fún un níná díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń jò, o ó rí iná búlúù tín-ín-rín tó ń fò láti ara rọ́bà bọ́ sórí irin, á máa dún tá-tá-tá. Bí etí rẹ bá mú, o ó gbọ́ ọ kí o tó rí i. Má fọwọ́ kàn án o!

Tí o bá rí i, pa ẹ́ńjìnnì. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì, ńṣe ni kápù yẹn ń yí wọ ẹnu wáyà, wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Yí i sí òsì, yóò bọ́. Wo bàbà tó wà nínú wáyà: bó bá ti ní àwọ̀ ewé, gé ibẹ̀ kúrò níwọ̀n ìdajì ínṣì, tí wáyà bá ṣì gùn tó, kí o wá yí kápù padà sórí ibi tó mọ́. Kápù tó bá ti sán kò ní oògùn, ra òmíràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kábúrétọ̀. Àwọn kan máa ń fi tẹ́ẹ̀pù dúdú wé e, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, torí tẹ́ẹ̀pù máa ń há omi mọ́ abẹ́ ara rẹ̀. Àwọn mìíràn á da bẹntiróòlù sí i pé àwọn fi ń lé omi, wọ́n á sì ta á lójú ẹsẹ̀. Sá fún irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀, kó má baà dáná sun ogún bàbá rẹ. Bí o bá rí ojúlówó WD-40, èyí tó máa ń wà nínú agolo tí a fi ń fọ́n ọn, fọ́n díẹ̀ sí kápù àti sí ibi tí wáyà ti pàdé. Lílé omi ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ní 1953. Kì í ṣe ọ́ìlì ṣéènì o.

Bí kápù àti wáyà kò bá ní àbùkù, yẹ súwíìṣì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì lórí háńdù wò, bí tìrẹ bá ní in. Omi inú rẹ̀ lè máa pa iná díẹ̀díẹ̀. Àwọn CG125 tó dàgbà jù tún wà tó jẹ́ pé kọ́ńtáàtì ni wọ́n ń lò, ìyẹn irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé kí iná lè dé púlọ́ọ̀gì. Bí omi bá wọ abẹ́ ìdérí rẹ̀, tó sì kan kọ́ńtáàtì náà, irú àìsàn yìí kan náà ni yóò mú wá. Rìwáyà ni kí o gbé ìyẹn lọ fún, má gbé e fún ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì.

Ti epo kò le rárá. Ìdè kékeré kan wà ní ìdí kábúrétọ̀, sukurudiráfà ló ń tú u. Fi ike òfìfo tó gbẹ, tó sì mọ́ gaara, sábẹ́ rẹ̀, tú u, jẹ́ kí epo díẹ̀ sàn sínú rẹ̀, kí o gbé e sókè sí oòrùn. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, kò sì bá a pò, nítorí náà bó bá wà níbẹ̀, o ó rí i nísàlẹ̀ ike tó ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá pọ̀, má dúró sórí kábúrétọ̀, fa gbogbo epo tánkì jáde, kí o sì wo rọ́bà tó wà nínú ìdérí tánkì, torí níbẹ̀ ni omi ẹ̀rọ yẹn máa ń gbà wọlé. Ihò kékeré tún wà lára ìdérí yẹn tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, máṣíìnì á rìn dáadáa láti Táàkíì dé nǹkan bí ẹnu ọ̀nà yunifásítì LAUTECH, á wá kú. Tí o bá ṣí tánkì tó ṣe fùú, tó sì tún gbà, ihò yẹn ni.

Fílítà ńkọ́? Èéfín dúdú ni yóò sọ fún ọ. Yọ ọ́, gun máṣíìnì lọ gun bọ̀ ládùúgbò. Bó bá fà, òun ni. Èyí tó jẹ́ fóòmù, fún omi rẹ̀ kí o sá a sí ibòòji. Èyí tó jẹ́ pépà, pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ má gùn ún lọ sóko láìsí fílítà, eruku á jẹ písítìnnì.

Tí o bá tún fẹ́ fọ̀ ọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àkísà tó fún ọ. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí o tó da omi sí i, fi ọ̀rá wé kábúrétọ̀ àti ẹnu fílítà, kí o ki àkísà bọ ẹnu sàlẹ́ńsà. Bó o bá fọ̀ ọ́ tán, yọ ọ̀rá àti àkísà, ta á, jẹ́ kó dún títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná kí omi tó kù lè gbẹ. Omi tó wọ dúrọ́ọ̀mù bíréèkì kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà mú, nítorí náà rọra máa tẹ̀ ẹ́ ládùúgbò níbi tó tẹ́jú, kí o tó bọ́ sí títì Ìlọ̀rin láàárín àwọn tírélà.